Àpò Ìdọ̀họ Máyọ̀mí

Ìró tó máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé ní abà wa kì í ṣe ti àkùkọ. Ọ̀lẹ ni àkùkọ wa, oòrùn á ti yọ kó tó rántí pé òun níṣẹ́. Ìró ọ̀pá lára àpò ni mo máa ń gbọ́, gbà, gbà, gbà, lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìyá mi ni. Wọ́n á ti fi àpò ìdọ̀họ kan kọ́ sórí okùn, wọ́n á so ìró wọn mọ́dìí dáadáa, wọ́n á wá máa lu àpò náà bí ẹni pé ó jí wọn lẹ́ran jẹ, eruku á máa tú jáde. Tí mo bá ti gbọ́ ìró yẹn, oorun ti parí fún mi nìyẹn. Kò ní pẹ́ tí ohùn wọn á fi wọlé: “Ṣadé! Àbí ọkọ rẹ ló ní kí o máa sùn ni? Dìde, lọ gbé ìkòkò ajá wá!” Ọmọ ilé-ìwé kékeré ni mí nígbà náà, ọkọ wo ni mo ní? Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ dá ìyá mi lóhùn? Màá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, màá dìde.

Ibùsùn ajá wa ni àpò náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Láìpẹ́ yìí ni mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Ìbàdàn, mo bá ajá rẹ̀ lórí tìmùtìmù tó dára ju èyí tí mo sùn lé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ lọ. Ohun ìṣeré lóríṣiríṣi yí i ká: bọ́ọ̀lù, egungun tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, bèbí kan tí wọ́n ti jẹ létí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi imú kan tìmùtìmù náà. Háà! Òórùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Mo ní, “Ta ló ń fọ eléyìí?” Ó ní, “Màmá, ti ajá ni kẹ̀.” Mo ní ohun tó jẹ́ kí n bèèrè gan-an nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọjọ́ orí ti ń dà mí láàmú. Kò mọ ẹni tí mo ń rí. Ìyá mi ni mo ń rí, nínú ọdún tí ayọ̀ àbúrò mi dúró lórí bí ibùsùn ajá kan ṣe mọ́ tó.

Abà wa ò jìnnà sí Akanran. Kòkó ni bàbá mi ń ṣe, wọ́n sì ń lọ sí sọ́ọ̀ṣì déédéé, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, àmọ́ tí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan, ó ti di òkúta nìyẹn. Àwọn ló sọ ajá wa ní Máyọ̀mí, nígbà tí iná jó oko kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn tí àwọn aládùúgbò kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Tí wọ́n bá ti fẹ́ fún ajá lóúnjẹ, wọ́n á dúró láàárín agboolé, wọ́n á pariwo, “Máyọ̀mí o! Máyọ̀mí!” Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí kòkó wá so dáadáa, orúkọ náà ò níṣẹ́ kankan mọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ajá lára. Ajá pupa ni, àyà rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì ń sùn.

Àbúrò mi kan ṣoṣo ni Dèjì. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà ni tẹ́lẹ̀. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ibà kan dá a dùbúlẹ̀, a gbàdúrà títí, a fún un lágbo títí, ó dìde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó kàn máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó máa wo ilẹ̀. Ẹ fún un ní iṣu sísun àti epo tó fẹ́ràn, kò ní wò ó. Bàbá mi á gbé e lé èjìká, wọ́n á rìn yí ilé ká, omi á kún ojú wọn, wọ́n á ní èéfín ni. Máyọ̀mí nìkan ló rí ojú rere rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ajá náà gbé bàtà rọ́bà bàbá mi kan tó ti já wá, ó jù ú sí Dèjì lẹ́sẹ̀, ó fò sẹ́yìn, ó ń mi ìrù. Dèjì mú bàtà, ó jù ú. Ajá sáré lọ gbé e wá. Ó tún jù ú. Nígbà tó yá, a gbọ́ ẹ̀rín. Ìyá mi wà nídìí odó, ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rín ọmọ náà ló pa gbogbo wa lẹ́kún lọ́jọ́ yẹn.

Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn méjèèjì ò yara wọn mọ́. Ìyá mi fi ògbólógbòó ìró wọn rán bọ́ọ̀lù fún wọn, wọ́n ki òwú àràbà sínú rẹ̀. Wọ́n ní èèpo àgbọn kan tí wọ́n ń yí gbirigbiri, wọ́n ní okùn tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ohun tó bá ti ẹnu ajá jáde, ọwọ́ Dèjì ló ń lọ, ẹ gbà mí, ìgbà mìíràn ẹnu Dèjì ló ń bọ́ sí. Tí oúnjẹ ọ̀sán bá sì ti wọra, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ẹ ó ti bá wọn, wọ́n á jọ sùn sórí àpò ìdọ̀họ kan tí wọ́n ti gbé jù síbẹ̀ tipẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí. Kò pẹ́ tí nǹkan fi sú sí Dèjì lára, láti ọrùn dé ìdí. Ó ń họra ṣáá, ẹ̀jẹ̀ ń yọ.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé láti Olódò. Màmá Olódò là ń pè wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn wa, irọ́ ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wọn le. Wọn ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí wọ́n fi rí ara Dèjì. “Yéè! Kí lẹ fi ọmọ mi ṣe?” Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo ajá, wọ́n yíjú sí bàbá mi. “Ajá yìí ló fi ẹ̀gbin bá a jà. Ilé yìí ò gba ajá àti ọmọ. Ẹ gbé e fún ọdẹ.” Ọdẹ kan sì wà ní Akanran tó ti ń tọrọ Máyọ̀mí tipẹ́. Bàbá mi ní, “Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Yóò lọ.” Dèjì ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò di. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọrùn ajá mú.

Ìyá mi kúnlẹ̀. Ọkọ mi ni wọ́n ń pe Màmá Olódò, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé. “Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti tú àpò tí wọ́n ń sùn lé wò. Eégbọn ló kún inú rẹ̀. Ibi tí ajá ń sùn ló dọ̀tí, àwa la sì jẹ́ kó dọ̀tí. Ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín ni. Tí ẹ bá mú ajá lọ, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín náà á tún padà. Ẹ fún mi láàyè kí n tún un ṣe.” Bàbá mi wo ọmọ wọn títí. Wọ́n ní, “Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ yìí bá tún sú pẹ́nrẹ́n, ajá ń lọ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀ mí.” Màmá Olódò pòṣé. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ ni yóò rí.

Ìyá mi ò tilẹ̀ gbìyànjú láti fọ àpò àtijọ́ yẹn. Wọ́n fi iná sun ún, a ń gbọ́ bí eégbọn ṣe ń ta nínú iná. Wọ́n gba àpò mìíràn lọ́wọ́ bàbá mi, wọ́n fi òwú pupa rán igun rẹ̀ kan. Ohun gbogbo tó jẹ́ ti Máyọ̀mí ló gba òwú pupa: àpò rẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀, kànhìnkànhìn tí a fi ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n tilẹ̀ so ó mọ́ ọrùn ìkòkò amọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́, tí a ya sọ́tọ̀ fún omi rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìkòkò olówùú pupa bu omi mímu, tàbí tó fi kànhìnkànhìn yẹn fọ abọ́ wa, kó yáa máa sáré. “Ẹni tó bá máa bá wa gbé ilé yìí,” bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn, “yóò mọ́ bíi tiwa, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yóò dá dúró.”

Tí wọ́n bá ti lu àpò lówùúrọ̀ Sátidé, odò ló kàn. A ò ní fọ̀ ọ́ níbi tí àwọn èèyàn ti ń pọnmi o, a ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Eérú èèpo kòkó tí àwọn obìnrin abà fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, ìyá mi á ti sẹ́ omi rẹ̀ nínú ajere. Wọ́n á rẹ àpò sínú omi eérú yẹn, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, èmi náà á tẹ̀ ẹ́, omi á dúdú bí àgbo. Wọ́n á fi ọṣẹ dúdú gbo àwọn ìpàdé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n ní eégbọn ń fi ẹyin pamọ́ sí. Bọ́ọ̀lù ní tirẹ̀, sísè ni. Wọ́n á kọ́kọ́ tú u, wọ́n á da òwú àtijọ́ nù, wọ́n á se aṣọ rẹ̀ nínú omi gbígbóná, wọ́n á ki òwú tuntun sí i nígbà tó bá gbẹ. Èmi ni mo ń fọ bàtà rọ́bà. Mo ń fi igi ìgbálẹ̀ tọ ojú ibi tí eyín ajá ti wọlé, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, mò ń kùn nínú ikùn mi, nítorí kò sí nínú àwọn ẹgbẹ́ mi ẹni tí wọ́n rán ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Orí àpáta ẹ̀yìnkùlé la ti ń sá gbogbo rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ tẹ́ àpò sórí koríko, ìyá mi á ní, “Ṣé o fẹ́ kí eégbọn tún wọ ilé rẹ̀ padà ni?” Tí ó bá gbẹ, imú wọn ni adájọ́. Wọ́n á gbé e sí imú, wọ́n á dijú. Tí òórùn bá kù níbẹ̀ bó ti wù kó kéré tó, a ó padà sódò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbá ibi tí ajá ń sùn, wọ́n á da omi gbígbóná sí i, wọ́n á wọ́n eérú gbígbẹ, wọ́n á tẹ́ ewé efinrin kí wọ́n tó tẹ́ àpò lé e. Máyọ̀mí á yí i ká, á gbóòórùn, á sín, á wá sùn bí ọba.

Àwọn obìnrin odò ò jẹ́ ká gbádùn. “Ìyá Ṣadé, ṣé ẹ ó tún máa mú un lọ sí sọ́ọ̀ṣì ni?” Ìyá mi á ní, “Tó bá ti mọ orin, a ó mú un lọ.” Wọn ò bínú, wọn ò sì dín iṣẹ́ kù. Nígbà náà mo rò pé ajá ni wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀ fún. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti bímọ, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ọmọ kan ni wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń sá, tí wọ́n ń ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mi ò rí irú obìnrin yẹn mọ́ láyé tí mo wà yìí, mo sì lè sọ ọ́ níbikíbi.

Ara Dèjì jinná. Èépá rẹ̀ bọ́, awọ ara rẹ̀ ń dán. Ní ọjọ́ kan tí a ń wẹ ajá, ó gbọn omi sí wa lára, ó gbọn ọ́n sí ìyá mi lójú pàápàá, ni ohùn kan bá dún lẹ́yìn wa, “Máyọ̀mí, ó tó!” A yíjú. Dèjì ni. Ìyá mi kàn jókòó sínú omi pẹ̀lú ìró lára. Bàbá mi gbọ́ nílé, wọ́n pe ọmọ, wọ́n ní kó tún un sọ, wọ́n tún ní kó tún un sọ, títí ó fi sú ọmọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí.

Kò tíì parí. Nígbà tí kòkó ń gbẹ lórí ẹní káàkiri agboolé, tó ń dún ṣàà tí a bá fi ẹsẹ̀ yí i, Màmá Olódò tún dé, wọ́n gbé ẹní tuntun wá fún Dèjì. Ẹní aláràbarà ni, ẹni tó tà á fún wọn ti gbé e ró sínú yàrá kan tipẹ́. Dèjì sùn lé e. Kò ju ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ lọ, ara rẹ̀ tún sú. Bàbá mi rí i láàárọ̀ ọjọ́ tí lọ́rì fẹ́ wá kó kòkó lọ sí Akanran. Ìyá mi ní, “Bàbá Ṣadé, ẹ jẹ́ kí n wò ó dáadáa.” Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè. “Mo ti sọ ọ́, Ìyá Ṣadé.” Dèjì ń sun ẹkún tí wọ́n fi gbé e wọlé. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé èmi nìkan ni ajá ń tẹ̀ lé yàtọ̀ sí Dèjì, èmi ni wọ́n ní kí n di okùn rẹ̀ mú. Awakọ̀ lọ́rì ń fọn fèrè, àpò kan dín, bàbá mi sáré fa ọ̀kan tó mọ́ tó sì gbẹ lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, wọ́n da kòkó tó kù sínú rẹ̀, wọ́n rán an lẹ́nu, a lọ. Nínú lọ́rì, Máyọ̀mí gbé àgbọ̀n lé itan mi. Inú rẹ̀ dùn pé òun wọkọ̀. Mi ò lè wò ó lójú.

Ní sítọ̀ kòkó, wọ́n to àpò wa mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn. Bàbá mi ránṣẹ́ pe ọdẹ náà, èèyàn gíga kan tó ń fa ìkòkò tábà, wọ́n sì jọ fẹnu kò. Bàbá mi gba okùn lọ́wọ́ mi, wọ́n nà án sí i. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan okùn, ajá fa ara rẹ̀ yọ, ó fò sórí àwọn àpò. Ó ń fi imú tọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọjá ti ẹni kan, ó kọjá ti ẹnì kejì, títí ó fi dé orí ọ̀kan nísàlẹ̀. Ó yí i ká, ó sín, ó sùn lé e. Ọdẹ pè é, kò dìde. Ẹni tó ń wọn kòkó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ wá gbé ajá yín kúrò lórí kòkó o.” Bàbá mi lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti fa ajá, ni wọ́n bá dúró bẹ́ẹ̀ lórí ìbẹ̀rẹ̀. Mo rí ohun tí wọ́n rí. Òwú pupa wà ní igun àpò náà.

Wọ́n fi ọwọ́ pa òwú náà. Wọ́n gbé igun àpò sí imú, wọ́n dijú, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Ọdẹ ní, “Bàbá Ṣadé, kí là ń dúró de? A ti jọ sọ ọ́.” Bàbá mi na ara wọn. “A ti jọ sọ ọ́ lóòótọ́. Ẹ má bínú. Mo ní ajá yìí dọ̀tí, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ gbé e jáde nílé mi. Èmi fúnra mi ni mo mú ibùsùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo pè é ní àpò tó mọ́, mo da kòkó mi sínú rẹ̀. Irọ́ wo ni màá tún wá pa mọ́ ọn?” Ọdẹ wò wọ́n bí ẹni tí orí ń dà rú, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ń kùn lọ. Bàbá mi yá àpò mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó ń wọn kòkó, wọ́n da kòkó sínú ìyẹn. Wọ́n ká àpò olówùú pupa, wọ́n gbé e lé èjìká wọn, wọ́n sì fà mí lọ́wọ́. Mo bú sẹ́kún láàárín ọjà. Wọ́n ní, “Kí ló tún ń pa ọ́ lẹ́kún? Ṣé o ò rí i pé à ń lọ sílé ni?”

Nígbà tí a dé, ìyá mi wà láàárín agboolé, ìkòkò omi híhó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹní aláràbarà sì wà nílẹ̀ níwájú wọn. Ìdun ni wọ́n ń fi omi gbígbóná lé jáde nínú rẹ̀. Màmá Olódò jókòó sórí àpótí, ojú wọn wálẹ̀. Ìyá mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan sí wọn tó lè dùn wọ́n. Ohun tí mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ni pé, “Ọkọ mi, ẹní dáadáa lẹ rà fún wa, a ó sá a lóòrùn, yóò ṣe é lò.” Dèjì rí ajá, ó ké, àwọn méjèèjì yí lulẹ̀ nínú erùpẹ̀. Ìyá mi gbójú sókè, wọ́n rí àpò lórí èjìká bàbá mi. Bàbá mi sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú wọn. Wọ́n ní, “Ìyá Ṣadé, kòkó mi ti mú àpò Máyọ̀mí dọ̀tí o.” Ìyá mi wò wọ́n, wọ́n wo àpò, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wọ́n, ó di ẹkún, ó tún di ẹ̀rín. Màmá Olódò náà fi etí ìró nu ojú.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìró yẹn jí mi, gbà, gbà, gbà. Ṣùgbọ́n ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì bára mu. Mo dìde kí ohùn tó wọlé wá bá mi. Bí mo ṣe ń kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀, mo rí ìyá mi lórí ẹní, wọ́n ń sùn, ẹnu wọn là díẹ̀, oòrùn ti kan ẹsẹ̀ wọn. Mi ò rí i kí wọ́n sùn di àkókò yẹn rí láyé mi. Mo yọjú sẹ́yìn ilé ìdáná. Bàbá mi ni, láìwọ ẹ̀wù, eruku ti bo wọ́n lórí, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, Dèjì àti Máyọ̀mí jókòó tì wọ́n. Wọ́n rí mi, wọ́n fi ìka kan ètè.

“Rọra o, Ṣadé. Má jí ìyá rẹ. Lọ gbé ìkòkò ajá wá.”